Awọ Àgùntàn Tí Ológbò Ń Lá

Ológbò bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, àfi bàbá nìkan. Nílé wa ní Ìkirè, bí bàbá bá ti kírun Àsùbáà tán, tí wọ́n ṣì jókòó sórí awọ àgùntàn tí wọ́n fi ń kírun, ológbò náà á wá bá wọn. Á máa fọwọ́ méjèèjì tẹ irun awọ náà, á máa lá a, á wá rọra bu ọwọ́ bàbá jẹ, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

Ìyá mi á ní, "Lọ́jọ́ kan, ológbò yìí á fi yín jẹ ẹ̀bà."

Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀. Bó ṣe ń kí mi nìyẹn."

Nígbà tí bàbá kú, a ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é. A fi aṣọ wọn ṣe sàráà, a sì fi awọ àgùntàn náà ta àáfà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ní Àpòmù lọ́rẹ. Ìyá mi wọ ilé opó. Wọn ò sunkún rárá. Àwọn tó wá kí wọn ń yìn wọ́n pé wọ́n ní sùúrù, inú sì ń bí mi, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe sùúrù. Omijé náà ni kò wá.

Kò pẹ́ tí ológbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lá ikùn ara rẹ̀. Ó lá a títí irun ibẹ̀ fi tán, tí awọ rẹ̀ pọ́n. Bí ìyá mi bá gbé e, á gé wọn jẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì yọ. Aládùúgbò wa ní kúrúnà ni, ká fi àdí pa á lára. Ó lá àdí náà bí ọbẹ̀, ó sì tún tẹra mọ́ ikùn rẹ̀. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Gbọ̀ngán.

Dókítà náà tú irun rẹ̀ wò, kò rí eégbọn, kò rí kúrúnà. Ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ṣé nǹkan kan yí padà nílé yín ni? Ẹ wá nǹkan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún un." Mo gbé ológbò padà sínú apẹ̀rẹ̀, mo sì forí lé ilé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní, "Awọ yẹn ni." Wọn ò lè jáde, opó wọn ò tíì parí. "Lọ bá mi bẹ àáfà. Sọ fún wọn pé ológbò ló fẹ́ ẹ."

Àáfà ò bá mi jiyàn. Wọ́n ká awọ náà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó funfun ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo tẹ́ ẹ sáàyè rẹ̀ nílé. Ológbò wá, ó gbóòórùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó yíjú kúrò, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tún ń lá ikùn rẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọ́n gbé imú lé ibi tí bàbá máa ń forí kàn lórí awọ náà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

"Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́," ni ìyá mi wí, wọ́n sì bú sẹ́kún.