Ìrì Dúdú Nílé Hajarat

Ẹ má dá àwọn tó ní mò ń purọ́ lóhùn. Ọyẹ́ ọdún yẹn, ewúrẹ́ ń wúkọ́ eruku ní Iyana Iyesi l'Ọ̀tà. Alángbá ara ògiri mi, ètè rẹ̀ bẹ́, mo sì rí i tó ń wá ẹni tó máa fún un ní òrí pa. Eyín kan ṣoṣo tó kù sí mi lẹ́nu náà sán. Ó dáa, ó ti sán tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ló parí rẹ̀.

Hajarat, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ni ọyẹ́ bá jà jù. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Agbára ni obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí òun àti Àmọ̀dá ọkọ rẹ̀ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń lọ pò. Hajarat fúnra rẹ̀ ló to búlọ́ọ̀kù pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri ibẹ̀ fi tẹ̀ díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Àmọ̀dá kú ni wàhálà imú bẹ̀rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, imú Hajarat á máa ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà ní afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù ló ń jẹ́ kí inú imú bẹ́. Hajarat gbé abọ́ omi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìró tútù bo fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà wá dà sára híjáàbù rẹ̀ níbi àdúrà tí wọ́n ṣe fún Àmọ̀dá, ni Àáfà Sírájúdéènì, àbúrò olóògbé náà, dìde láàárín ẹbí.

"Ìyàwó wa, ilé yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kó ẹrù rẹ, kó o wá bá wa nílé ẹbí l'Ábẹ́òkúta. A ó fi ilé yẹn háyà."

"Bùọ̀dá Sírájú, ṣé ọyẹ́ kì í fẹ́ l'Ábẹ́òkúta ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àáfà kò rẹ́rìn-ín. "Tó o bá dá ṣubú síbẹ̀ ńkọ́?"

"Màá dá dìde. Ilé mi ni, mi ò lọ. Afẹ́fẹ́ ló ṣẹ̀ mí, afẹ́fẹ́ ni màá pààrọ̀. Bí imú mi bá tún ṣẹ̀jẹ̀ kí ọyẹ́ yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ wá kó mi. Tí kò bá ṣẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi Abẹ́òkúta lọ̀ mí mọ́."

Bó ṣe ránṣẹ́ pe Gbọ́ládé nìyẹn, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Ṣàngó. Mo gbé àga mi sọdá títì, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n wá ròyìn rẹ̀ fún mi.

Gbọ́ládé ní ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ wà. Ó ní kékeré kan wà tí kò ju kẹ́tù lọ, ṣùgbọ́n yàrá kan ni agbára rẹ̀ mọ.

"Ṣé yàrá kan ni mo kọ́ ni?" Hajarat bi í. "Gbogbo ilé ni mò ń wí."

Ó wá ku oríṣi méjì. Èkíní ń fi fáànù ńlá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú fóòmù tútù kọjá, ó sì ń jẹ iná bí ẹni tí kò jẹun láti ọdún tó kọjá. Èkejì ń gbọn omi títí omi á fi di ìrì, páìpù á sì gbé e dé yàrá gbogbo. Sólà orí òrùlé Hajarat lè gbé èyí.

"Ṣùgbọ́n, Màmá, ẹ gbọ́ o," Gbọ́ládé wí. "Èyí tó ń gbọn omi yìí kì í yan ohun tó máa fẹ́ jáde. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sínú rẹ̀, ara kọ́tìnnì lẹ máa bá a. Ẹ má fi omi kànga yín tó ń pọ́n yìí sí i."

"Píọ́ wọ́tà ni màá máa fi sí i. Gbé e wá."

Gbọ́ládé lu àjà, ó to páìpù gba òkè dé yàrá gbogbo, ó gbé táǹkì sí kọ́rídọ̀. Ó fi ohun kan sára ògiri tó ń mọ bí ilé ṣe tutù sí, kí ẹ̀rọ lè máa pa ara rẹ̀, kí ògiri má baà bu. Nígbà tó tan án, ìrì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ láti àjà. Ètè mi tó ti lẹ̀ mọ́ra là, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Hajarat ní wọn ò sọ fún òun pé ẹ̀rọ náà ní àléébù yẹn.

Ẹnu àdúgbò kò dákẹ́. "Màmá, ṣé kí n mú agboorùn dání tí mo bá ń bọ̀ nílé yín?"

"Mú bàtà òjò náà! Tí ètè rẹ bá bẹ́, o máa wá sùn sí pálọ̀ mi."

Imú kò ṣẹ̀jẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilé tutù, Hajarat ń kọrin.

Ní Jímọ̀ kan, Àáfà dé láti Abẹ́òkúta. Hajarat gbé oúnjẹ fún un, ó ní kó dúró de òun, ó sì jáde lọ ra píọ́ wọ́tà ní ìkóríta. Nígbà tó fi máa padà, kọ́tìnnì funfun rẹ̀ ti di ara ẹyẹ ẹtù. Àmì tó-tó dúdú lára àga, tó-tó dúdú lára ògiri. Igbe rẹ̀ ló pe gbogbo wa wọlé.

"Ẹ ò rí i bí?" Àáfà nawọ́ sí ògiri. "Ilé yìí ti tu ohun tó wà nínú rẹ̀! Ìyàwó wa, kó ẹrù rẹ."

Ojú gbogbo wa lọ síbi imú Hajarat. Inú ń bí obìnrin náà dé góńgó, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì máa dà, ìgbà yẹn ni. Ó gbé orí sókè. "Imú mi lẹ̀ ń wò? Ẹ wò ó dáadáa!" Mo wò ó. Mo wò ó débi tí mo ti rí ohun tó ń rò, kò sì dára fún Àáfà. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí.

Hajarat fi ìka nu orí tábìlì, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Oyin," ó wí. "Oyin àti yíǹkì tàdáà. Mo mu èyí tó níléèwé kéwú. Bùọ̀dá, ẹ yíjú sẹ́yìn ẹ jẹ́ n rí yín."

Àáfà kò fẹ́ yí. A bá a yí. Gbogbo èjìká jálàbíà funfun rẹ̀ ló kún fún tó-tó dúdú. Abẹ́ ẹnu páìpù gan-an ló jókòó sí tó ń fa tèsùbáà. Ìgò kan sì yọrí nínú àpò rẹ̀. Hántú ni: omi tí wọ́n fi fọ àdúrà tí wọ́n fi tàdáà kọ sára pátákó wàláà, tí wọ́n wá po oyin mọ́.

"Ẹ da hántú sínú ẹ̀rọ mi?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń mu hántú," Àáfà wí, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo rí bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń dé yàrá gbogbo. Mo ní kí àdúrà náà dé ibi gbogbo, kí imú rẹ lè sàn."

"Ẹ fẹ́ kó sàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọ́ sílẹ̀ fún wa, Hajarat. Ẹ̀rù rẹ ló ń bà mí."

"Mo gba àdúrà yín. Àmín. Mi ò lọ. Ẹ bọ́ jálàbíà yẹn, kẹ́ ẹ wá fọ kọ́tìnnì mi."

Hajarat pa ẹ̀rọ, ó da omi rẹ̀ nù, ó ń fọ táǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ títí Gbọ́ládé á fi wá ṣan inú páìpù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ti ń yọ́ wọlé. Ta ló gba obìnrin yìí sílẹ̀? Àáfà ni! Ó fọ kọ́tìnnì tán, ó fẹ́ lọ sá a sí ìta. Hajarat ní, "Ẹ gbé e kọ́ báyẹn, ní tútù." Kọ́tìnnì ń kán sílẹ̀ ní yàrá gbogbo, Àáfà dúró láìwọ̀ ju síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò lọ, ó ń tún wọn rì sómi bí wọ́n bá ti ń gbẹ, títí Gbọ́ládé fi dé. Omi tó kán sílẹ̀ yẹn, ẹja lúwẹ̀ẹ́ kọjá níbẹ̀. Kékeré ni ẹja náà.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ kù wá ní Ọ̀tà, tí ọyẹ́ sì kásẹ̀ nílẹ̀, Hajarat jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Fóònù dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbọ́.

"Ìyàwó wa, imú yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lójú mi, Bùọ̀dá. Ní Ọ̀tà."