Ọkùnrin Tó Ń Ta Àpótí Iná Wíwúwo

Kọ́ńkéré ni wọ́n bá nínú àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà náà níná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún jóná mọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lọ́wọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, bó ṣe ṣí géèmù àkọ́kọ́.

Mo mọ ọkùnrin tó to kọ̀ǹpútà náà fún un ní Òkè-Àgbò. Bí oníbàárà bá ti ní owó òun ò pọ̀, yóò gbé àpótí iná olówó pọ́ọ́kú lé e lọ́wọ́. "Gbé e wò, àbúrò. Ohun tó bá wúwo kì í tanni." Owó tó bá ṣẹ́kù, iná aláwọ̀ mèremère ni yóò ní kó fi rà.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́ níwèé kí n tó rí owó yẹn kó jọ," ọmọbìnrin náà sọ fún mi. "Ìdíje géèmù ni mo fẹ́ fi wọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló jó."

Nígbà tó gbé e padà lọ, ẹ̀rín ni ọkùnrin náà bú sí: "Ṣé ìwọ kọ́ lo gbé e wò, tó o ní ó wúwo?"

Mi ò rí aláìnítìjú bẹ́ẹ̀ rí.

Alága ẹgbẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ó ní kò ní ṣí títí ọkùnrin náà yóò fi to òmíràn fún ọmọbìnrin náà, àti pé ojú àwọn oníbàárà ni wọn yóò ti tú gbogbo àpótí tó kù lórí àtẹ rẹ̀.