Ọṣẹ Mẹ́fà Inú Pàlàpálá Àpáta

Bí òórùn ọṣẹ gbígbóná bá ta sí mi nímú lónìí, àárọ̀ Sátidé ní Ọ̀kà Àkókó ni ọkàn mi ń lọ. Kì í ṣe òórùn ọṣẹ kan ṣoṣo o. Ọṣẹ pupa tó ń rùn bí ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ọṣẹ aláwọ̀ ewé tí bàbá mi fi ń wẹ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ aláwọ̀ búlúù náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn á máa yọ́ papọ̀ nínú ìkòkò kan lórí iná èédú, ìyá mi á jókòó tì í lórí àpótí, á máa fi orógùn tí a kò gbọdọ̀ fi ro oúnjẹ rò ó jẹ́jẹ́.

Ìyá mi kò gbà pé ọṣẹ ń tán. Bí ọṣẹ bá ti rí pẹlẹbẹ, tó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀, inú agolo mílíìkì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló ń lọ. Ìyá Tóyìn, ará Arìgìdì tí a jọ ń gbé àgbàlá, máa ń kó àlòkù tirẹ̀ wá kún un. Bí ìyá mi bá ń dúpẹ́, Ìyá Tóyìn á ní, "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́." Èmi ni mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, a ó rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀ mọ́jú. Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ le. Mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kó lè tètè jinná, ọṣẹ hó, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì pa iná. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ìyá mi wí, ó sì ní kí n lọ wá èédú mìíràn. Agolo sàdíìnì tí a ti fi òróró pa ni a ń dà á sí. Nígbà tó bá fi máa gbẹ, ó ti di ọṣẹ alílà pupa, ilà búlúù, bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ kiri.

Ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkàrẹ́, níbi tí màá ti máa gbé inú ọgbà ilé ìwé, wọ́n kọ ọṣẹ ìwẹ̀ mẹ́fà mọ́ àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ mú lọ. Mo ti rí ti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú bébà tó ń dán. Ìyá mi fi oṣù méjì kó àlòkù jọ, ó se é, ó wé mẹ́fà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì gbé e fún mi tìdùnnú-tìdùnnú. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Ojú ń tì mí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí a ń sá èlùbọ́ sí. Ìyá mi lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ki ọṣẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ pàlàpálá àpáta náà, mo fi òkúta dí i. Nígbà tó dé, mo ní, "Mo gbé e sójú fèrèsé kó lè gbẹ dáadáa, n kò bá a mọ́." Èrò mi ni pé yóò kàn lọ ra òmíràn. N kò rò ó pé bí nǹkan bá sọnù, ẹnì kan ni wọn yóò sọ pé ó gbé e. Ilẹ̀kùn méjì péré ló sì wà ní àgbàlá wa, tiwa àti ti Ìyá Tóyìn.

Ìyá mi kàn wo ilẹ̀kùn kejì. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Tóyìn kó àlòkù rẹ̀ wá bí ìṣe rẹ̀, ìyá mi ní, "Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ ná." Ìyá Tóyìn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó dúró ti òun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ bú sí èdè Arìgìdì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, kó tó wá sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé èmi ni màá tún wá jí ọṣẹ tí mo bá yín kó jọ?" Mo wà níbẹ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni òjò ṣú. Gbogbo wa sáré gun àpáta lọ kó èlùbọ́, ìyá mi ní ìhà kan, Ìyá Tóyìn ní ìhà kejì, wọn kò wo ara wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó sì le. Ìgbà náà ni ìfófòó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú pàlàpálá yẹn, ó funfun, ó pọ́n díẹ̀, ó ń ṣàn gba àárín àwọn méjèèjì kọjá. Òórùn àárọ̀ Sátidé gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá mi nàró, ó fi imú fa á, ó ní, "Bọ́sẹ̀dé!"

Ìyá Tóyìn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí, àpáta ń wẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé igbá èlùbọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí àpáta nínú òjò, òun tó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Ìyá Tóyìn lọ, ó ní, "Dárí jì mí." Ìyá Tóyìn sáré gbé e dìde, àwọn méjèèjì sì ń sunkún. Ẹgba ì bá sàn fún mi ju ìyẹn lọ.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a," ni gbogbo ohun tí ìyá mi sọ fún mi. Ó ha ìyókù ọṣẹ kúrò nínú àpáta, Ìyá Tóyìn kó àlòkù rẹ̀ sí i, wọ́n jọ tún un sè. Mẹ́rin ló yọrí sí, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Òun ni mo gbé lọ sí Ìkàrẹ́. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí iyanrìn bá ti ha mí lẹ́yìn, mo ń rántí.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì Àkùngbá báyìí, ọṣẹ olómi ló wà ní balùwẹ̀ mi. Ojú ìyá mi ti ṣe bàìbàì, Sátidé ni mo máa ń lọ wẹ̀ ẹ́ ní Ọ̀kà. Lóṣù tó kọjá mo mú ọṣẹ olóòórùn dídùn lọ fún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, agolo mílíìkì ṣì wà níbẹ̀, àlòkù ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀. Mo sè é, mo dà á, ní Sátidé tó tẹ̀ lé e mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ra á kiri.

"Kí lẹ ń wá, Màámi?"

"Iyanrìn ni," ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ tó tijú ọṣẹ yìí, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un lónìí. Mo kúnlẹ̀ ti bàsíà, mo po ọṣẹ mọ́ kànrìnkàn. Orúnkún tó kan àpáta nítorí mi ni mo kọ́kọ́ fọ̀.