Ọmọ Tí Mo Wẹ̀ Láti Ojú Fèrèsé

Mo ń bu omi tútù sí omi gbígbóná fún àwọn ìbejì kan ní Èjìgbò lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbé bàbá wọn lọ. Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni, nígbà tí kòrónà gba ìgboro Èkó kan, tí gbogbo wa ń fi ìbòmú bojú bí olè. Bàbá àwọn ìbejì ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ó ní èéfín ló kó sí òun lọ́fun. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, tó wọ aṣọ funfun látorí délẹ̀, bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí wọn nínú ilé náà. Mo ní èmi ni mò ń wẹ ọmọ wọn. Ó ní kí n kọrí sílé lójú ẹsẹ̀, kí n má wọ ilé ẹnikẹ́ni, kí n má sì fọwọ́ kan ọmọ kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ awẹmọ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé pátákó rẹ̀ sójú títì. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó wá wẹ ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n Èkó la wà. Ìyá ìyàwó ní ọjà tó ń ná, ìyá ọkọ wà lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn, òmíràn ò sì sí láyé mọ́. Àwa la máa ń dúró ní ipò wọn. Láàárọ̀, màá jókòó lórí àpótí, màá na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí báàfù, màá tẹ́ ọmọ sórí wọn, màá fi ọṣẹ àti kànrìnkàn rírọ̀ wẹ̀ ẹ́ tónítóní. Bí mo bá nù ún tán, màá fi òróró pa á lára, màá sì na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa ju ọmọ sókè, á sì hán an. Nọ́ọ̀sì kan ló bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì jáwọ́. Àwọn ìyá àgbà kan ṣì gbà pé ìwẹ̀ mi kò pé.

Èyí tí mi ò jáwọ́ nínú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀gá mi ni pé abiyamọ kì í bá wa dá sí i. Ó ti ṣe tirẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí. Kó jókòó, kó mu ògì gbígbóná, kó máa wò wá. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí, mi ò kọ́ ìyá kankan bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ rí.

Ọjọ́ kejì ni Sìdí pè mí láti Ìsọlọ̀. Àǹkárá ló ń tà ní Aswani kí wọ́n tó ti ọjà pa. Láti inú oyún ló ti bá mi sọ ọ́ pé èmi ni màá wá wẹ ọmọ títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé láti Ìsẹ́yìn. Ìyá náà ti di ẹrù tán nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ìpínlẹ̀ pa. Ọkọ Sìdí ń ṣọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ kan, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa sùn síbẹ̀. Òun nìkan ló kù nílé pẹ̀lú Màlíìkì, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.

Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ìbejì fún un.  Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ti ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ tó rin ni òun fi ń nu ọmọ lára, òun ò tíì gbé e sínú omi rí.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Bùnmi. Ọwọ́ mi kò dáa. Ọwọ́ mi ni ti àkọ́kọ́ kú sí.”

Mo mọ ọmọ tó ń wí. Èmi náà ni mo wẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó lò. Àìsàn ló pa á, ilé ìwòsàn sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abiyamọ tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ kì í gbọ́ ti dókítà. Tí ẹ̀rù yìí bá jókòó sí i lára, yóò máa wo ọmọ rẹ̀ lókèèrè ni, bẹ́ẹ̀ òun ló bí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ìbòmú méjì lé ara wọn, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìsọlọ̀, nítorí kò sí mọ́tò, kò sí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí n má wọ ilé ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní kí n má dúró níta. Àwọn ọlọ́pàá fi igi dínà, ọ̀kan bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo ní ibi iṣẹ́. Ó ní kí n fi káàdì hàn pé iṣẹ́ mi wà lára èyí tí ìjọba yọ̀ǹda. Mo ní awẹmọ ni mí, a kì í ní káàdì. Ó fẹ́ dá mi padà, àfi bí ẹnìkejì rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ agboòrùn ṣe dìde. Ó ní ọmọ tuntun wà nílé òun, kì í sùn, ṣé mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ní kó má sún mọ́ mi, kó dúró níbẹ̀ yẹn. Mo bi í irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún ọmọ náà. Ó ní súwẹ́tà méjì àti fìlà. Nínú ooru yẹn. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ. Láti ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé igi kúrò kí n lè kọjá, ó ní ọmọ ti ń sùn.

Fèrèsé yàrá Sìdí rẹlẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kọ̀ǹga wà. Mo ní kó gbé àpótí, báàfù àti ọmọ wá sítòsí fèrèsé. Èmi jókòó sétí kọ̀ǹga, mo jìnnà sí irin fèrèsé náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Mo ní kó mú ọmọ jẹ́jẹ́.

“Jẹ́jẹ́ báwo, mà?”

 Ìwẹ̀ ọmọ ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa fẹnu ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní kó fi iṣu kan sílẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kó sì padà sínú yàrá. Mo gbé iṣu náà sórí ẹsẹ̀, mo bu omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ, mo ń wo ọwọ́ ara mi bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ayálégbé kan lókè ṣí fèrèsé, ó wò mí, ó rọra tì í padà. Ìgbà náà ni mo tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo rí i pé apá òsì mi ló ń wà lábẹ́ ọrùn ọmọ, tí ìka mi á sì di abíyá rẹ̀ mú. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ ni mo máa ń jẹ́ kí omi kọ́kọ́ kàn, kí omi má bàa já a láyà. Mo rí i pé orí ni mo máa ń fọ̀ gbẹ̀yìn, kí òtútù má mú un. Bí mo ṣe ń rí i ni mò ń sọ ọ́ fún Sìdí. Mo gbé iṣu náà lọ sílé torí mo ti fọwọ́ kàn án, mo sì sè é jẹ. Kò sí iṣu tó mọ́ tó o ní gbogbo Èkó lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ni Sìdí tó gbà láti gbé ọmọ sómi.  Ó ń lọ dáadáa títí ọṣẹ fi kan ara ọmọ. Màlíìkì yọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ìdí rẹ̀ bọ́ sínú báàfù, omi dé ọrùn rẹ̀, ó figbe ta. Sìdí yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò bí ẹni tí iná jó. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù lábẹ́ ọmọ.

“Ìyá Bùnmi, ẹ wọlé wá gbà á.”

Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Gbogbo ara mi ló fẹ́ wọlé. Mo rántí bàbá ìbejì, bó ṣe ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láràárọ̀ tí mò ń wẹ ọmọ rẹ̀. Mo di igi ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mo ń sunkún bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

“Ọwọ́ òsì rẹ ṣì mú un, Sìdí. Kò lọ síbì kankan. Gbé e sókè.”

Ó wo ọwọ́ òsì náà bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Lóòótọ́, ó di abíyá ọmọ mú gírígírí. Ó gbé e sókè, ó gbá a mọ́ àyà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lára, àwọn méjèèjì sì jọ ń ké. Mo rò pé yóò ní kí n máa lọ, pé òun ò ṣe mọ́. Nígbà tí ọmọ dákẹ́, ó tún tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀. Ó ní ó ku ẹ̀yìn rẹ̀ tí òun ò tíì wẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ ń dínkù, títí ó fi kù díẹ̀ kó jẹ́ pé àwàdà la kàn ń ṣe. Ìyá rẹ̀ a máa pè láti Ìsẹ́yìn, á ní ṣé a na ọmọ dáadáa. Sìdí á ní a ti nà án. Kì í sọ ẹni tó nà án.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì mi pé, mi ò wúkọ́, ara mi ò sì gbóná. Mo mú báàfù tèmi dání, inú mi dùn, mo rò pé èmi ni màá wẹ ọmọ lọ́jọ́ náà. Àfi bí mo ṣe bá ìyá Sìdí nílé. Ọkọ̀ èlùbọ́ ló bá wá, torí ọkọ̀ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Èlùbọ́ ṣì wà lára gèlè rẹ̀. Ó ti jókòó lórí àpótí, ó ti ká ìró sókè, ó ti na ẹsẹ̀ sórí báàfù, ó ní kí Sìdí gbé ọmọ wá.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́.”

Ìyá náà wò ó, ó wò mí lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé iṣẹ́ wo wá ni mò ń ṣe níbí. Mo ní kó kàn wo ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ jókòó sórí ibùsùn, Sìdí sì bọ́ sórí àpótí. Ẹsẹ̀ ọmọ ló jẹ́ kí omi kọ́kọ́ kàn.  Nígbà tó yá, mo rí ìyá rẹ̀ tó ń fi etí ìró nu ojú. Òun náà rántí ọmọ àkọ́kọ́.

Sìdí nu Màlíìkì, ó fi òróró pa á lára, ó fi aṣọ wé e. Ó dìde, ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ gbà á, mà. Ẹ ò tíì gbé e rí.”

Mi ò lè ka iye ọmọ tí mo ti wẹ̀, àmọ́ èyí nìkan ni mo wẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Mo gbé báàfù mi sílẹ̀, mo gbà á. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Láti ojú fèrèsé, mi ò mọ̀ pé ó ti sanra tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà sún fún mi lórí ibùsùn, mo sì gbé e wọlé.