Ṣùkù Àgbàdo Tí Mo Fún Ajá Ìyá Mi
Nígbà tí eyín ajá kékeré tí ìyá mi ń sìn l'Ọ́kà ń hù, kò sí bàtà tí kì í gé jẹ. Wọ́n ń ta rọ́bà tí ajá lè máa rún n'Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n mo ní àṣejù nìyẹn. Mo sọ ṣùkù àgbàdo tí mo jẹ kù sí i, torí ewúrẹ́ wa máa ń jẹ ẹ́.

Ó rún un díẹ̀, ló bá la ẹnu, itọ́ ń dà, kò lè gbó. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, mo fa ègé kan jáde tòun tẹ̀jẹ̀. Ó ti gbé èkejì mì.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá n'Ìkàrẹ́ ní bí ègé náà kò bá bá ìgbẹ́ jáde, ó lè dí i nífun, kó sì pa á.

"Ìwọ tó o sọ ajá di ewúrẹ́," ni ìyá mi wí, "ìwọ ni wàá máa wo ìgbẹ́ ẹ̀."

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n jẹun. Mo ń tẹ̀lé ajá náà kiri ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo rí ègé ṣùkù náà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀. Ajá ọ̀hún wá ń lá ọwọ́ mi, n ò sì lè wò ó lójú.