Táípíìsì Tó Bá Ìjà Ara Rẹ̀ Pàdé Nínú Ìwé Kẹfà

Ọdún mọ́kànlá ni táípíìsì yìí fi bá ọ̀gá rẹ̀ tẹ ìtàn gígùn kan, ìtàn ìjọba méje tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ọ̀gá a fọwọ́ kọ ọ́, òun a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, nínú yàrá tóóró tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọ̀gá kì í rántí nǹkan. Á pariwo láti yàrá kejì pé, "Ta ló bí ọba etí odò?" Táípíìsì á dáhùn láìgbójú sókè: "Ìyàwó kejì darandaran ni, sà. Ẹ ti pa á ní ìwé kẹta." Ó mọ iye ọjọ́ tí ẹṣin fi ń tòkè dé ààfin. Ó mọ ẹni tí kì í kí ẹnì kan, ó sì mọ ìdí ẹ̀.

Ní ìwé kẹfà, ó tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ayaba méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ti ń jà nídìí òkú ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹkún rẹ pọ̀ ju ìtọ́jú rẹ lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun gan-an nìyí! Òun ló sọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ìyá tiwọn kú, látìgbà náà ni wọn ò sì ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá nìkan ló rò ó fún. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ka ojú ìwé tó kù: ẹ̀gbọ́n di òǹrorò, àbúrò kú láìfojú kàn án.

Ó gbé bébà náà wọlé tọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá, ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ìtàn lásán ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀! Ẹ dá odò, ẹ dá òkè, ẹ dá ìjọba méje, ẹ wá wá ìjà tì, àfi tèmi?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Ó ju bébà sílẹ̀, ó fa báàgì rẹ̀ yọ, ó jáde.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe. Kò tilẹ̀ kí i. Ó ní, "Kí o tó kà á níbòmíràn, jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́." Ó sọ gbogbo ẹ̀.

Àbúrò gbé ẹ̀mú kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ rí àjèjì sọ ọ́ fún, ẹ ò rí èmi."

"Ìwọ náà ò wá."

"Kí n wá gba èébú míì?"

Ohùn wọn lọ sókè débi pé oníbàárà kan gba aago rẹ̀ láìtíì parí. Wọ́n ja ti oògùn, wọ́n ja ti ẹni tó sùn ní ọsibítù àti ẹni tí kò sùn. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Nígbà tí ọ̀fun gbẹ, àbúrò nu àga kejì.

"Ẹ jókòó. Kí ni ọ̀gá yín ní ó pa mí nínú ìwé ẹ̀?"

"Òtútù."

"Òtútù! Èmi! Ẹ dìde, ẹ mú mi dé ilé ẹ̀."

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ. Ọ̀gá ò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, wọ́n ń bú u, wọ́n sì ń bú ara wọn, títí oòrùn fi kúrò lójú títì.