Agolo Tí Bàbá Mùlíkàt Fi Ń Wọn Fèrèsé

Bí ẹ bá ń wá wẹ́dà tí kì í jiyàn ní àdúgbò wa ní Galadimawa, ẹ má lọ sọ́dọ̀ Bàbá Mùlíkàt. Sàkáríyà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Kuje ló ń gbé, ẹ̀bá títì ló sì ti ń jó irin. Agolo mílíìkì kan wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi ń wọn àlàfo irin fèrèsé. Ibi tí agolo náà bá ti lè kọjá, ó gbà pé orí ọmọ kékeré lè kọjá níbẹ̀. Ọmọ gan-an ni ì bá fi wọ̀n ọ́n, àmọ́ ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ kí wẹ́dà máa wọ̀n ọ́n?

Ọdún 2013 ni mo pè é. Èmi àti Festus ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òkè kejì ilé kan ni, àwa àti Jemimah ọmọ wa. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí orí kọnkéré tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí.

"Ọmọ tó kéré jù nínú ilé, ọmọ ọdún mélòó ni?" Sàkáríyà bi mí.

"Ọdún mẹ́jọ."

Mi ò parọ́, àmọ́ mi ò sọ òótọ́ tán. Mo ti lóyún oṣù méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í polongo oyún tí kò tíì yọ. Festus àti ìyá mi nìkan ló gbọ́. Mi ò ní wá sọ fún wẹ́dà.

Ó wò mí, ó mú agolo rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo fi máa tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó ti to irin pẹ́kípẹ́kí, ó sì fi apá kan ṣe ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí bí iná bá ṣẹlẹ̀. Inú bí mi.

"Bàbá Mùlíkàt, ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje lẹ wá kọ́ sójú fèrèsé mi ni?"

"Mọ́mì Jemimah, nítorí ọmọdé ni."

"Ọmọdé wo? Mo ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo fẹ́ kó fine, kí atẹ́gùn sì wọlé."

Ó gbé máṣíìnì rẹ̀, ó sì gé àwọn irin náà. Inú mi dùn pé mo borí rẹ̀. Alágídí ni mí, mi ò fi pamọ́. Ẹni tó bá ń fọwọ́ sí fáìlì látàárọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń rò pé gbogbo ayé ló ń dúró de àṣẹ òun.

A bí Olúwadémiládé. Kò tíì rìn dáadáa tó ti ń gun nǹkan. Nítorí ooru àti iná tí wọ́n ń mú lọ, a ti bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, a sì fọkàn tán an bí ẹni pé ògiri ni, nǹkan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀fọn.

Ọ̀sán Sátidé kan ní 2015, mo ń ká aṣọ nínú yàrá náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ ìnura. Nígbà tí mo gbójú sókè, nẹ́ẹ̀tì ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí àti àyà ọmọ mi sì ti wà níta láàárín irin. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Mo gbá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo fà á wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya. Mo wá jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún títí Jemimah fi wá béèrè ta ló kú.

Mo pe Sàkáríyà lójú ẹsẹ̀. Ó fi agolo wọn àlàfo náà. Ó kọjá, àyè sì tún ṣẹ́ kù. Mo ń retí kó ní ṣebí òun ti sọ. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀.

"Mọ́mì Jemimah, mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé ẹ lóyún. Ẹ ń tutọ́ ṣáá, ẹ ò fẹ́ gbóòórùn irin. Ìyá Mùlíkàt náà ti bímọ fún mi, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ó yẹ kí n sọ pé ọmọ tó ń bọ̀ ni mò ń ṣe é fún. Mo ní ta ni mo jẹ́ tí màá máa sọ̀rọ̀ oyún tí wọn ò fi hàn mí? Ojú tì mí, mo gé irin."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì mọ̀, a sì dákẹ́ nítorí pé a lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án.

Ó jó irin náà padà. Èmi fúnra mi wọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí ògiri kejì. Ó ku fèrèsé pálọ̀. Festus sọ lórí fóònù pé ká fi ìyẹn sílẹ̀, pé títí ọdún tó ń bọ̀ ọmọ náà á ti gbọ́n. Sàkáríyà dúró, ó kọjú sí ògiri.

"Mọ́mì Jemimah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé òmíràn wà lọ́nà?"

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí èmi gan-an mọ̀.

"Ó wà," mo ní. "Dádì wọn ò tíì gbọ́. Ẹ ṣe ti pálọ̀ náà."